Ilé tó dínwó lè jẹ owó òwò tán: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò ṣírò kó tó gba ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàgámù

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kan ẹnikẹ́ni tó ń gbé l'Ékòó, ní Ọ̀tà tàbí ní Ìbàdàn, tó ń rò ó pé òun yóò kẹ́rù òun lọ sí Ṣàgámù nítorí pé owó ilé àti owó ṣọ́ọ̀bù ibi tó wà ti fẹ́ gba owó òwò mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrò náà kò burú rárá. Ṣùgbọ́n iye tí onílé bá dá lé ilé kọ́ ni iye tí èèyàn máa ń san kó tó wọlé. Owó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń sọ oníṣòwò di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní ọjà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan gbé e kalẹ̀. Ká ní obìnrin aránṣọ kan wà l'Ágége, tó ní N1,200,000 lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún un pé ó lè rí yàrá àti pálọ̀ ní Ṣàgámù ní N350,000 lọ́dún, kó sì rí ṣọ́ọ̀bù ní N200,000. Ìṣirò lásán la fi àwọn iye owó yìí ṣe o, a kò sọ pé iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ nìyẹn. Aránṣọ wa ro méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ N550,000. Ó ní N650,000 ni yóò kù sí òun lọ́wọ́, òun yóò fi ra ẹ̀rọ kan sí i, òun yóò ra òwú àti àwọn ohun èlò yòókù, òun yóò sì gba ọmọṣẹ́ méjì. Inú rẹ̀ dùn, ó ti ń di ẹrù.

Bí owó ṣe ń rìn

Ìgbà tó débẹ̀ ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ilé, ó san owó ọdún kan, N350,000. Ajẹ́ńtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, N35,000. Owó àgírímẹ́ǹtì náà tún jẹ́ N35,000. Onílé ní kó san N50,000 tí òun yóò dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní owó kọ́ṣọ̀n. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N470,000.

Ó kan ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní owó ọdún méjì ni òun ń gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun, ìyẹn N400,000. Ajẹ́ńtì gba N40,000, àgírímẹ́ǹtì gba N40,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N480,000. Ọkọ̀ tó kó ẹrù, wáyà iná, irin ojú fèrèsé àti ọ̀dà tí wọ́n fi kun ṣọ́ọ̀bù gba N150,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, N1,100,000 ni. N100,000 péré ló kù sí aránṣọ wa lọ́wọ́, dípò N650,000 tó rò. Kò sí ẹni tó jà á lólè, kò sí ẹni tó lù ú ní jìbìtì. Òun ni kò ṣírò dé òpin.

Ohun tí ì bá ti ṣe nìyí. Ì bá bẹ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pé kó gba owó ọdún kan, kí òun san ti ọdún kejì nígbà tí ọdún bá yípo. Ọ̀nà yẹn, N240,000 ni ì bá san lórí ṣọ́ọ̀bù dípò N480,000, N340,000 ni ì bá sì kù sí i lọ́wọ́. Owó ajẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ǹtì náà, ẹnu la fi ń dá a, ẹnu náà la fi ń dín in kù. Ẹ má tijú láti bẹ̀bẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ará Èkó lọ́nà. Òfin kan wà l'Ékòó láti ọdún 2011, tó sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àwọn kan rò pé wọ́n lè na òfin yẹn sí onílé lójú ní Ṣàgámù. Òfin Èkó kì í sọdá ààlà Èkó. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ṣàgámù wà. Àdéhùn tí ẹ bá bá onílé ṣe ni kẹ́ ẹ gbára lé.

Ìṣirò mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni ti ojoojúmọ́. Ẹ mú owó ilé àti owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan, N550,000, ẹ fi ọgọ́rùn-ún mẹ́ta (300) ọjọ́ tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ pín in. Ó lé díẹ̀ ní N1,830 lójúmọ́. Iye yìí ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ máa mú wá kó tó kan oúnjẹ, kó tó kan owó ilé-ìwé ọmọ. Bí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kò bá lè yọ ọ́ lẹ́yìn owó ọjà, ilé náà ti wọ́n jù fún yín nìyẹn, bó ti wù kó dínwó tó lójú ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó.

Ibo ni owó wà ní Ṣàgámù?

Kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló gba gbogbo iṣẹ́. Ọdún 1872 ni ìlú mẹ́tàlá kó ara wọn jọ sí ojú kan, tí wọ́n dá Ṣàgámù sílẹ̀, nítorí ogun tó ń jà nígbà náà. Ọ̀fìn, níbi tí ààfin Akárígbò wà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Màkún náà jẹ́ ọ̀kan, Ewùsì sì ni ọba tiwọn. Ìyẹn ni pé àwọn tó ni ìlú yìí gan-an, ńṣe ni wọ́n ṣí wá síbẹ̀, tí wọ́n jọ ṣètò bí wọn yóò ṣe máa gbé pọ̀. Títí di òní, àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ orírun rẹ̀, ó sì mọ àgbà rẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ gba ilé gbọ́dọ̀ mọ àdúgbò tí òun wà àti ẹni tó ń darí ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí èrò ń gbà kọjá. Ìkòríta Ṣàgámù ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Òrè àti Benin, tó sì tún yà sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń ta táyà, ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn ni oúnjẹ wọn wà. Ẹ̀gbẹ́ ìkòríta náà, ní Flowergate, ni iléeṣẹ́ Nestlé àti iléeṣẹ́ ọtí International Breweries kọ́ ilé iṣẹ́ wọn sí, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ṣàgámù láti ọdún 1978. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù máa ń rán aṣọ, ó máa ń fọ aṣọ, ó máa ń ra oúnjẹ tó ti jinná. Oníbàárà tiwọn máa ń pọ̀ ní ìparí oṣù, ó sì máa ń dín kù láàárín oṣù. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń dá ọjọ́ tí ẹ máa san owó.

Fún aránṣọ bíi tiwa, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Fásitì Olabisi Onabanjo ṣeé wò dáadáa. Àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wà níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ kò sì lè ṣe kó má gbó. Ní Sábó, obì ni ọba. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni obì gbàǹja ilẹ̀ Rẹ́mọ ti ń tibẹ̀ lọ sí òkè ọya, àwọn Hausa tó ń rà á sì ti di ará ibẹ̀. Ẹni tó ń ta àpò, ẹni tó ń ta ewé tí wọ́n fi ń di obì àti ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ló lè jẹun níbẹ̀.

Bí Ṣàgámù bá ti kún jù lójú yín, ẹ wo ìlú tó wà nítòsí. Ìlíṣàn ni Fásitì Babcock wà láti ọdún 1999. Ẹni tó ń tẹ̀wé, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń gẹrun lè rí tiẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ sílé. Owó ilé kì í lọ ìsinmi pẹ̀lú wọn. Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, rọrùn láti gbé, ó sì sún mọ́ Ìlíṣàn àti Ìpẹru. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà máa ń wá sílé wá bá, kò sí ohun tó ní kó má gbébẹ̀.

Ta ló ni ilé?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ibi tí ojú àlejò ti máa ń fọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ta ló ni ilé. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ bíi ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ilé àárín ìlú jẹ́ ilé ẹbí. Bàbá kọ́ ọ, bàbá kú, ọmọ mẹ́wàá ló jogún rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lè gba owó lọ́wọ́ yín lónìí, kí èkejì wá kan ilẹ̀kùn lọ́la. Ohun tí òfin wa ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tipẹ́ ni pé ọmọ ẹbí kan kò lè dá gbé ohun ìní ẹbí jáde láìsí olórí ẹbí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè olórí ẹbí, kí òun àti ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ má san owó fún ajẹ́ńtì nítorí pé ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni ìwé. Ẹ rí onílé lójúkojú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti ń gbé inú ilé náà pé ta ni wọ́n ń san owó fún, kẹ́ ẹ sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì báǹkì tó jẹ́ orúkọ onílé, kó lè ní ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ pé kọ̀nténà lẹ fẹ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ béèrè bóyá ilẹ̀ náà kò sí nínú ibi tí ìjọba fi sílẹ̀ fún títì. Ẹni tó gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ yín kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí katakata bá dé.

Ìwé tó yẹ kó wà láàárín ẹ̀yin àti onílé

Àdéhùn ẹnu ń mú ìjà wá. Kí ìwé yín sọ orúkọ onílé àti tiyín, iye owó, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí yóò parí. Kó sọ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, pé ẹ máa lo jẹnẹrétọ̀, pé ọmọṣẹ́ yóò máa jókòó síta. Kó sọ ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe bó bá jò, ẹni tí yóò san owó tí ìjọba ìbílẹ̀ bá dá lé ilé, àti ìgbà tí wọn yóò dá owó kọ́ṣọ̀n padà. Kó sọ iye oṣù tí onílé yóò fi sọ fún yín kó tó fi owó kún owó. Bí ọdún tí ẹ fẹ́ gbà á bá ju mẹ́ta lọ, ìwé lásán kò tó mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí lọ́yà ṣe ojúlówó ìwé àdéhùn tí òfin mọ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kí ọ̀kan jẹ́ lẹ́yìn òjò bó bá ṣeé ṣe. Ẹ wo ibi tí omi ti ń wá àti ibi tí àgbàrá ń gbà. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ iná. IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná láti Ìbàdàn, ló ń pín in fún Ṣàgámù. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn àdúgbò sí ọ̀wọ́ márùn-ún, láti Band A tó yẹ kó rí iná ogún wákàtí lójúmọ́, títí dé Band E tó yẹ kó rí wákàtí mẹ́rin. Iye tí wọ́n ń gbà lórí wọn kò dọ́gba. Aránṣọ tó ń lo áyọ́ọ̀nù iná gbọ́dọ̀ mọ ọ̀wọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà kó tó dá iye tí yóò máa gbà lórí aṣọ. Ẹ sì jẹ́ kí onílé fi hàn yín pé kò sí gbèsè ẹni tó kó jáde lórí mítà.

Ẹ̀tọ́ yín àti ẹ̀tọ́ onílé

Onílé kò ní àṣẹ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ yín tàbí láti yọ òrùlé nítorí pé owó pẹ́. Ní ọdún 1986, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà bá ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wí, nítorí pé ó fi agbára lé Olóyè Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé kan n'Íkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Bí ìjọba ológun kò bá lè fi agbára lé èèyàn jáde, mélòó mélòó ni onílé. Ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìwé oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ méje, kí onílé tó gba kóòtù lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin ṣe ọgbọ́n àrékérekè. Ní ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ yìí kan náà sọ pé ayálégbé tó jẹ owó kò lè sá pamọ́ sẹ́yìn àléébù inú ìwé ìkìlọ̀, nígbà tí wọ́n bá ti fún un ní ìwé ẹjọ́. Ẹni tó bá jẹ owó, kó tètè lọ bá onílé sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Rìsíìtì ilé di owó

Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ní ohun kan nínú fún ayálégbé. Ẹni tó bá san owó ilé tó ń gbé lè yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kúrò nínú owó tó wọlé fún un kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, bí kò bá ti ju N500,000 lọ. Lórí ilé N350,000 tí aránṣọ wa gbà, N70,000 nìyẹn. N800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n máa bu orí lé kò sì ní owó-orí kankan nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìwé kò ní ẹ̀rí. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ń san owó-orí fún. Bí ẹ bá ti di ará Ṣàgámù, ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀ Ògùn ni ẹ máa lọ, kì í ṣe Èkó mọ́. Owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósíkì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má san án fún ẹni tí kò ní káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìjọba lọ́wọ́.

Bí àlejò ṣe ń di ará ìlú

Kíkó ẹrù wọlé kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ lọ kí olórí àdúgbò, ẹ lọ kí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, ẹ béèrè owó ọdẹ àti ọjọ́ ìpàdé. Kí aránṣọ lọ fi ara rẹ̀ hàn nínú ẹgbẹ́ aránṣọ kó tó gbé ẹ̀rọ síta. Bó bá jẹ́ ọjà lẹ wà, ẹ lọ kí Ìyálọ́jà. Owó ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà nínú owó tó yẹ kẹ́ ẹ ti ṣírò láti ilé.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ Orò pẹ̀lú. Ìlú tó ń ṣe Orò ni Ṣàgámù, obìnrin kì í sì í jáde ní àkókò tí wọ́n bá kéde. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1999, ọ̀rọ̀ Orò ló dá a sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá oníṣòwò náà ṣòfò. Ẹ bi àwọn aládùúgbò yín ní ọjọ́ tó máa bọ́ sí, kẹ́ ẹ má bàa dá oníbàárà lóhùn pé kó wá gba aṣọ lálẹ́ ọjọ́ tí kò sí ẹni tí yóò jáde.

Ní ti aránṣọ wa, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó gba ìmọ̀ràn, ó san ọdún kan lórí ṣọ́ọ̀bù, N340,000 kù sí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kó ra, kó gba ọmọṣẹ́ kan. Láti ọ̀sẹ̀ tó bá ti ń rí oníbàárà, kó máa dá àjọ N10,600 lọ́sẹ̀, kó sì sọ ọ́ ní àjọ owó ilé, kó má fi ọwọ́ kàn án bó ti wù kí ọjà dùn. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, N551,200 ni yóò wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ iye kan ti alájọ kúrò, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù tó máa wá kún un. Onílé á kan ilẹ̀kùn, aránṣọ á dìde, á kà á fún un, á gba rìsíìtì, á sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.